Ìgbóná Ara Tí Ìwésọpé Ò Wọ̀n

Ní kíláàsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún kẹta, kò sí ẹni tó mọ̀wé tó Ìwésọpé. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ò ti fi pè é mọ́. Ohun tó fa orúkọ tuntun náà ò le. Ọmọbìnrin yìí ò lè bu omi mu kó má sọ fún yín iye ife tí ìwé sọ pé kéèyàn mu lóòjọ́. Ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín, ìwé sọ pé. Ẹ ní oorun ń kùn yín, ìwé sọ pé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní sùúrù títí, ó sú wọn, wọ́n bá kúkú fi ohun tó ń sọ pè é. Òun ní tirẹ̀ gbà á bí oyè. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà, ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, ká sọ òótọ́. Bí oníbàárà bá wá béèrè ìlẹ̀kùn tó ti yẹ kó gbé lọ láti oṣù tó kọjá, bàbá á ní kó jókòó ná. "Ọmọ mi, máa bọ̀! Egungun mélòó ló wà lára èèyàn?" Ọmọ á jáde tòun ti ìwé lábíyá, á ní igba lé mẹ́fà. Bàbá á wá tẹjú mọ́ oníbàárà títí yóò fi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí onítọ̀hún bá fi máa rántí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ọpọlọ ọmọ bo ìmẹ́lẹ́ baba mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, tí ọmọ náà fi gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ti ṣiṣẹ́ tán.

Ìgbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ nípa àìsàn ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé ló wá hàn pé ẹnìkan ò ní sùn mọ́ níyàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwésọpé ń kà á sókè. Ó mọ fòníkú-fọ̀ladìde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ọmọ á kàn fi orúnkún gbálẹ̀ tí orúnkún náà á wú bí búrẹ́dì. Ó mọ jẹjẹrẹ kíndìnrín, ó mọ ti inú ojú. Èyí tó mọ̀ jù ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀: bí mùdùnmúdùn inú egungun ṣe ń ya wèrè, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun tí ò wúlò jáde bí ẹni ń da yangí, tí ẹ̀jẹ̀ gidi ò fi ráyè mọ́. Nínú ìdánwò, ó gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ta tó kù yẹn, ó gbà pé olùkọ́ ló ṣìrò.

Bí wọ́n ṣe ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ni, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Wọ́n ya erin aláwọ̀ búlúù sára ògiri, ọ̀dà ti bó kúrò lára ọwọ́-ìjà rẹ̀, ó wá dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ronú. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń fi ìgúnpá ṣí, àmì gbàgàdà sì wà lórí rẹ̀ pé kí olúwarẹ̀ fọwọ́ kó tó wọlé. Àwọn ìyá ọmọ wà lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn irin tí wọ́n ń gbé omi oògùn kọ́ sì ń dún fíín-fíín bí wọ́n bá ti ń tì wọ́n kiri.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ni wọ́ọ̀dù náà, Màmá Wọ̀n-ọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin kúkúrú, okùn gíláàsì lọ́rùn, tẹmómítà lápò. Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Oògùn tí à ń fún àwọn ọmọ yìí ń pa jẹjẹrẹ. Ó sì ń pa àwọn sójà ara wọn mọ́ ọn. Ọmọ tí ò ní sójà, bí kòkòrò bá wọ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá a jà àfi àwa. Ìgbóná ara nìkan ni a ó rí. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, wákàtí kan la ní láti fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Mi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan iwájú orí. Mi ò ní kẹ́ ẹ bi ìyá rẹ̀. Mo ní, ẹ wọ̀n ọ́n."

Ìwésọpé mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn àtijọ́ fún. Ó kọ "wákàtí kan" sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní kí ni tuntun níbẹ̀? Ó wà ní ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá.

Ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyálé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Oògùn ti kó gbogbo irun orí rẹ̀ lọ, kò kó ẹnu rẹ̀ lọ. Òun ló ń sọ fún àwọn ọmọ tó kù ìgbà tí wọ́n lè sunkún àti ìgbà tó ti tó. Òun ló sọ fún dókítà àgbà pé bàtà rẹ̀ ń pariwo. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, aránṣọ, jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti gbàgbé ọmú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà ní bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n lè lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó padà wá gba oògùn mìíràn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni báàgì ti wà ní dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago méje àárọ̀ ni kí wọ́n wọn ìgbóná ara gbogbo ọmọ, Ìwésọpé ló sì ni bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà apá ọ̀tún. Dókítà àgbà máa wọlé láago mẹ́sàn-án, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ó máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè. Ẹ ò wá rí wàhálà ọmọ yìí: ojú ewé mẹ́rin ló fẹ́ tún kà. Ó sáré wọn bẹ́ẹ̀dì kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó dé ìkẹrin. Ìyálé fi aṣọ bora dé àgbọ̀n, ó dijú, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Dáadáa ni mà. Ara Ìyálé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé ó sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Kò sí ìyọnu kankan?"

"A dúpẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n wà mà."

Ẹ dákun, èwo ni ìròyìn níbẹ̀? Ta ni nínú wa tí òrùlé lè wó lé lórí láàárọ̀ yìí, tí aládùúgbò á béèrè pé báwo ni, tí kò ní sọ pé a dúpẹ́ kí wọ́n tó gbé igi kúrò lára rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Ẹnu ló ń fi ṣe nǹkan kí inú tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìwésọpé gan-an, ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ àgbà, ojú rẹ̀ wú, imú rẹ̀ pọ́n, ẹnìkan béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọlọ́gbọ́n wa gbà á gẹ́gẹ́ bí àbájáde àyẹ̀wò.

Ó wo ọmọ tó ń sùn. Ó rò ó pé bí òun bá jí i, á pariwo, á bú òun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á lọ. Ó ṣí káàdì tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ti àárọ̀ àná jẹ́ 36.8. Ó kọ 36.8. Níwájú rẹ̀ ó kọ pé kò sí ìyọnu. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan.

Dókítà àgbà dé láago mẹ́sàn-án, ó sì dúró ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin gan-an. Ó béèrè kí ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe sí mùdùnmúdùn inú egungun. Ìwésọpé dáhùn. Ó béèrè ìdí tí ara ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀ kiri. Ìwésọpé dáhùn. Ó béèrè ohun tí à ń bẹ̀rù jù nínú ọmọ tó ń gba oògùn yìí. Háà! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ó ní ìgbóná ara ni, ó sọ iye tó bá dé tí a ó fi sáré, ó sọ wákàtí kan, ó sọ orúkọ oògùn mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó bíi kí wọ́n fún un lọ́rùn. Dókítà àgbà rẹ́rìn-ín, ó wo káàdì, ó rí 36.8, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó sùn. Màá padà wá yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí ìwé ìlọ." Ìyá Ìyálé kúnlẹ̀, ó ní a dúpẹ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n kọjá sí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, Màmá Wọ̀n-ọ́n ń kọjá lọ, ó dúró.

"Ìyálé ò tíì bú ẹnikẹ́ni látàárọ̀?"

Ó ká aṣọ. Ó ti tẹmómítà bọ abíyá ọmọ náà. 39.6. Ara ọmọ ń jó bí ààrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkì bí ẹni tó ń sáré. Màmá Wọ̀n-ọ́n kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ pe dókítà. Ẹ gbé oògùn wá. Báyìí." Ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn bá yára.

Dókítà kékeré sáré dé. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Màmá Wọ̀n-ọ́n wo káàdì. "36.8 láago méje."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni dókítà wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fún un ní oògùn àkọ́kọ́, ká gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ká ṣọ́ ọ níbí ná. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní yàrá àkànṣe, wọ́n sì ti ní kí wọ́n fi pa mọ́ de ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ abẹ."

Ìwésọpé wà nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ mú irin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé e ju bó ṣe yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ, òun sáà ni ọ̀mọ̀wé. Nọ́ńbà tí òun kọ ni dókítà ń bá sọ̀rọ̀ yẹn. Nọ́ńbà yẹn ló ní kí wọ́n má ṣe kánjú. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé; ọmọ lè yá, ọmọ lè má yá, káàdì á ṣì mọ́ tónítóní. Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù bà á. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká purọ́ pé ó ṣe akin. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko tó fi ń wo ilẹ̀.

"Irọ́ ni," ó wí.

Wọ́n yíjú sí i.

"Nọ́ńbà yẹn. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo wo ti àná kọ."

Màmá Wọ̀n-ọ́n bọ́ gíláàsì lójú. Ìyá Ìyálé ló bú sẹ́kún, tó fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, láti ìrọ̀lẹ́ àná ni. Mo fi táwẹ́lì tútù nù ún lára. Mo fún un ní oògùn ara gbígbóná tí mo rà ní kẹ́míìsì, mo tún fún un ní òmíràn láago mẹ́fà ìdájí. Mo rò pé bó bá ti lè lọ sílẹ̀ títí dókítà á fi wá... Mo kàn fẹ́ lọ sílé ni. Ọmọ mi kékeré ò mọ̀ mí mọ́."

Ojú dókítà kékeré yí padà. Ó ti ju wákàtí mẹ́rìnlá lọ. Ó pe yàrá àkànṣe lórí fóònù, ó ní òun ń gbé ọmọ bọ̀, bẹ́ẹ̀dì yẹn ò sí fún ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n fi oògùn tó le kún ti àkọ́kọ́, wọ́n so omi méjì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìyálé ò bú ẹni tó ń ti i. Ìyẹn ló dẹ́rù ba gbogbo wọ́ọ̀dù jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá Wọ̀n-ọ́n pe Ìwésọpé sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ọmọbìnrin náà ti múra èébú sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń retí ìgbátí.

"Oògùn tí ìyá ẹ̀ fún un láago mẹ́fà," ni Màmá Wọ̀n-ọ́n wí, "ó ṣeé ṣe kó ti bo ìgbóná yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tó fi máa di aago méje. Ká ní o wọ̀n ọ́n, bóyá 36.8 náà lo máa rí. Bóyá o ò sì ní rí i. A ò ní mọ̀ láé. Ìwọ lo jẹ́ ká má mọ̀. Gbé ìyẹn dání, ìyà tèmi ò tó o." Ó ká aṣọ kan, ó ká òmíràn lé e. "Má sì ṣe béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kankan mọ́ pé ṣé dáadáa ni. Bi í pé ìgbà wo lọmọ tọ̀ kẹ́yìn. Bi í pé kí ló jẹ lánàá, ṣíbí mélòó. Bi í pé oògùn wo ló fún un tí kì í ṣe àwa la fún un. Wá ìbéèrè tí kò ní lè fi a dúpẹ́ dáhùn."

Ilé ìwé ní kó tún oṣù mẹ́ta wọ́ọ̀dù ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàánú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rín tí wọ́n rín sínú pílò lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ iye rẹ̀. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá ní ṣé kò sí ibi tí wọ́n lè tún ìdánwò rẹ̀ ṣe ni, nítorí ìwé lòun mọ̀ pé ó mọ̀. "Kì í ṣe ìwé ni, bàámi," ó wí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá ti parí iṣẹ́, ó máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àkànṣe. Ìyá Ìyálé wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì. Lọ́jọ́ kejì, Ìwésọpé fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, obìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká má kí ara wa lónìí."

Wọ́n jókòó. Obìnrin náà ní, "Ṣé ọmọ mi máa kú?"

Ìwésọpé mọ iye tó ń kú nínú ọgọ́rùn-ún. Ó mọ ojú ewé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ẹnu rẹ̀ kó tó rí ojú obìnrin náà dáadáa.

"Mi ò mọ̀, mà," ó wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Obìnrin náà mi orí. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò yé òun nílé ìwòsàn yìí nìyẹn. Wọ́n jọ sunkún díẹ̀, wọ́n nu ojú wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìgbóná náà lọ sílẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti lọ o. Ìyẹn ṣì wà nílé, ọdún méjì oògùn ṣì ń dúró dè é. Kòkòrò yẹn nìkan ni wọ́n borí. Màmá Wọ̀n-ọ́n fún Ìwésọpé ní tẹmómítà, ó ní kó lọ. Ìwésọpé fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Ìyálé la ojú kan wò ó, ó tún la ìkejì.

"Ìyálé, ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Ẹnu mi ń dùn mí. Ibi tí wọ́n gún ń dùn mí. Ẹsẹ̀ yìí ń dùn mí, èyí ò dùn mí." Ó simi. "Àti pé mi ò fẹ́ràn yín, Àǹtí."

Ìwésọpé ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dé ibi èyí tó kẹ́yìn, bírò rẹ̀ dúró.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ fún dókítà ní bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò sùn. Mo ní òtútù ń mú mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lọ."

Ìwésọpé kọ ìyẹn náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Lẹ́yìn náà ló fi tẹmómítà sí i lábíyá, tó sì dúró tì í títí tó fi dún.